Òótọ́ àbí irọ́? Ìwé sáyẹ́ǹsì àtijọ́ nínú atúmọ̀-èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 1908, Hermann Harms, onímọ̀ ewéko kan ní Berlin, tẹ àpilẹ̀kọ olójú ìwé méje jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀ ewéko Jámánì. Ẹ̀wà kan tí ń so sábẹ́ ilẹ̀ ló dá lé lórí. Togo ni ẹ̀wà náà ti wá. Dókítà Kersting, ọ̀gá ìjọba Jámánì ní Sokodé, ló fi í ránṣẹ́, Harms sì sọ ọ́ ní Kerstingiella geocarpa, kí orúkọ ọ̀gá má bàa parẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ti ń gbìn ín kí Jámánì tó dé, wọ́n sì ní orúkọ tiwọn fún un. Dóyì ni àwọn Fọ̀n ń pe ẹ̀wà yìí.

Ká ní ọ̀dọ́ kan ní Atakpamé, ní Togo, jókòó ti kọ̀ǹpútà lónìí, ó fẹ́ kọ nípa ẹ̀wà náà sínú Wiktionary, atúmọ̀-èdè orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni ti láǹfààní láti fi nǹkan kún láti December 2002. Kò ní láti wọ ọkọ̀ lọ sí Lomé wá ìwé. Biodiversity Heritage Library ti ya àwòrán irú àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ó rí gbólóhùn tó fẹ́ yọ lò bí ẹ̀rí ọ̀rọ̀ náà. Báwo ni yóò ṣe wá gbé e kalẹ̀? Àwọn olùgbani-nímọ̀ràn pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ohun tí wọ́n sì ń sọ kò dọ́gba.

"Bí ojú ìwé bá ṣe rí gẹ́lẹ́ ni kí o dà á kọ"

Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jọ òótọ́.

Nǹkan méjì ló wà lójú ìwé àtijọ́. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti òǹkọ̀wé: ọ̀rọ̀ tó yàn, sípẹ́lì rẹ̀, ibi tó ti dánu dúró. Èkejì jẹ́ ti atẹ̀wé: irú lẹ́tà tó lò, bí ìlà ṣe gùn tó, ibi tó ti gé ọ̀rọ̀ sí méjì nítorí pé ìlà ti kún. Ti òǹkọ̀wé ni èèwọ̀. Ti atẹ̀wé, atúmọ̀-èdè tó gba àyọlò náà sílé ló láṣẹ lórí rẹ̀. Àmì ìdè tó wà níparí ìlà gbọ́dọ̀ lọ, torí ìlà tó kún ní Berlin kò kún lórí fóònù ẹni tó ń kà á ní Atakpamé.

Ẹ wo àṣà kan tí àwọn atẹ̀wé Jámánì fẹ́ràn láyé ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan hàn ketekete, wọn kì í fa ìlà sí i nídìí. Ṣe ni wọ́n máa ń fi àlàfo sáàárín lẹ́tà kan àti èkejì, báyìí: T o g o. Sperrsatz ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá dà á kọ bó ṣe rí, ó ti gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́ nìyẹn. Ẹ tẹ Togo sínú àpótí ìwákiri, kò ní jáde, torí lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà mẹ́rin tí kò bára wọn tan ló wà níbẹ̀. Kí a pa àlàfo rẹ́, kí a fi lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé ń fẹ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ yẹn yọ sójú, ó sì ti yọ. Fraktur náà ńkọ́, lẹ́tà kíká-wíká tí Jámánì fi ń tẹ ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ títí ìjọba Hitler fi fòpin sí i ní January 1941? Kò sẹ́ni tí ń gbé e wọnú atúmọ̀-èdè. Lẹ́tà tí gbogbo ayé ń kà la fi ń rọ́pò rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó pè é ní èké.

Sípẹ́lì ni ká má fọwọ́ kàn. Láti 1888 ni àwọn arìnrìn-àjò àti onímọ̀ Jámánì ti ní ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń ròyìn ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní Áfíríkà, Togo wà lára wọn. Mittheilungen ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé rẹ̀ nígbà náà, pẹ̀lú h lẹ́yìn t méjì. Ìpàdé tí wọ́n ṣe lórí sípẹ́lì Jámánì ní 1901 ló lé h náà jáde, ni ó fi di Mitteilungen. Ẹni tó bá ń yọ ọ̀rọ̀ lò nínú ìdìpọ̀ 1890, bóyá ìròyìn láti Bismarckburg, àgọ́ tí Jámánì kọ́ sílẹ̀ Adélé ní àríwá Atakpamé, kí ó fi h sílẹ̀ síbi tó bá a. Ẹni tó bá yọ ọ́ ti fi sípẹ́lì 1901 sọ́wọ́ ẹni tó kọ̀wé ní 1890.

"Ẹ̀rọ ti ka àwòrán náà di lẹ́tà, kọ̀pì ló kù"

Irọ́ pátápátá.

Michel Adanson, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ igi oṣè ní Adansonia, tẹ ìwé rẹ̀ lórí Senegal jáde ní Paris ní 1757. Láyé ìgbà yẹn, s ní ìrísí méjì. Èyí tó wà níparí ọ̀rọ̀ dà bí tiwa. Èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀ tàbí láàárín gùn, ó tẹ̀ lórí, báyìí: ſ. Nítorí náà, poisson, ẹja, di poiſſon. Ẹ̀rọ tí ń ka àwòrán rí ſ, ó ní f ni, ó kọ poiffon. Kò sí ẹja tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú odò Senegal. Ẹni tó bá sì kọ̀pì láìwo àwòrán ti fún Adanson ní ọ̀rọ̀ tí kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn kan máa ń fi ſ sílẹ̀ nínú àyọlò, àwọn mìíràn máa ń sọ ọ́ di s. Lójú tèmi s ló dára jù, kí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ lè rí i. Àmọ́ kò sí àríyànjiyàn lórí f.

Èyí tó kan Atakpamé gan-an le ju ſ lọ. Àwọn Ifè tó ni ìlú náà, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ana, ìbátan wa ni wọ́n, Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n sì ń tọ́ka sí bí orírun. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi àmì sídìí e bíi tiwa. Ọ̀nà tí Togo ń gbà kọ èdè ni wọ́n tẹ̀ lé, ɛ àti ɔ ni wọ́n ń lò. Ẹja wa, ɛdza ni lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́tà ɛ yìí ní ẹnì kejì tó jọ ọ́ bí ìmumu, ìyẹn ε àwọn Gíríìkì. Ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, torí nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Unicode fún wọn: U+025B ni ti èdè Áfíríkà, U+03B5 ni ti Gíríìkì. Bí ẹ̀rọ kíkà, tàbí ẹni tó ń wá lẹ́tà kiri lórí kíbọ́ọ̀dù, bá mú ti Gíríìkì, àyọlò náà á dùn ún wò, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní jáde nígbà tí ẹlòmíràn bá wá a. Ká má fi Ifè ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ tiwa náà ní irú àjálù yìí: àwọn ìwé kan fi àmì róbótó sídìí rẹ̀, àwọn kan fi ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, e̩. Nọ́ńbà wọn kò papọ̀. Ìlà kékeré yẹn kì í ṣe sípẹ́lì ọ̀tọ̀, bí atẹ̀wé ṣe gé lẹ́tà rẹ̀ ni. Kí a kọ ẹ, kó parí síbẹ̀.

"Orúkọ sáyẹ́ǹsì náà ti yí padà, a gbọ́dọ̀ fi tuntun rọ́pò rẹ̀"

Irọ́ ni, irọ́ yìí ló sì ń ba àyọlò jẹ́ jù, torí ẹni tó ń ṣe é rò pé òun ń ran òǹkàwé lọ́wọ́.

Ẹ padà sórí dóyì. Harms sọ ọ́ ní Kerstingiella geocarpa ní 1908. Ní 1910, Auguste Chevalier, onímọ̀ ewéko ilẹ̀ Faransé, rí ẹ̀wà kan náà ní àárín gbùngbùn Dahomey, ó sì kọ̀wé nípa rẹ̀ sí ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Paris. Voandzeia poissonii ni ó pè é, ó kà á mọ́ ìdílé ẹ̀pà Bàḿbárà. Òyìnbó méjì, ẹ̀wà kan, orúkọ méjì, láàárín ọdún méjì. Ní 1977, Maréchal àti Baudet kó o lọ sí ìdílé mìíràn, ó di Macrotyloma geocarpum, orúkọ tí wọ́n ń pè é títí di òní.

Bí o bá wá fi Macrotyloma sẹ́nu Harms nínú gbólóhùn 1908, o ti jẹ́ kí ó sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ, ó sì ku ọdún 69 kí wọ́n tó sọ ọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ Kerstingiella tí o torí rẹ̀ wá àyọlò ti pòórá. Ẹ̀rí ti kú sọ́wọ́ ẹni tó ń wá ẹ̀rí. Bí òǹkàwé bá nílò orúkọ òde òní, ibi ìtumọ̀ ni kí a kọ ọ́ sí, lókè, lóde àyọlò. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó wọ inú àkámọ́ onígun, torí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ohùn tó bá wà nínú [ ] kì í ṣe ti òǹkọ̀wé. Lẹ́tà dúdú tí a fi ń fi ọ̀rọ̀ tí à ń wá hàn nínú àyọlò náà kì í ṣe ti òǹkọ̀wé, àmọ́ òun kò nílò àkámọ́. Àṣà atúmọ̀-èdè ni, kò yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹnìkan lè ní kí ló dé tí à ń jà lórí lẹ́tà, ṣebí ewéko gbígbẹ tí wọ́n kó láti Togo ṣì wà ní Berlin, kí a lọ wo òun fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kò sí mọ́. Ní òru ọjọ́ kìíní oṣù March 1943, bọ́ǹbù sọ ilé ewéko Dahlem ní Berlin, iná sì jó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ewéko, ohun tí onímọ̀ kọ sílẹ̀ kí iná tó jó o ni ẹlẹ́rìí.

"Ìwé àtijọ́ kò fàmì ohùn sí Yorùbá dáadáa, bá a fi sí i"

Irọ́. Mo mọ̀ pé èyí máa dun àwọn olùkọ́ èdè, èmi náà kì í fẹ́ rí Yorùbá láìlámì.

Ní 1858, Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè Yorùbá tí T. J. Bowen, míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi, kọ. Inú ọ̀wọ́ ìwé sáyẹ́ǹsì wọn ni wọ́n tò ó sí, Smithsonian Contributions to Knowledge, nítorí náà ìwé sáyẹ́ǹsì àtijọ́ ni òun náà. Bowen kò kọ Yorùbá bí a ṣe ń kọ ọ́ lónìí. Ọ̀pọ̀ ìwé tó tẹ̀ lé e náà kò ṣe bẹ́ẹ̀: aiye, enia, yio ni àwọn bàbá wa ń kọ, títí àkọtọ́ 1974 fi dé ní Nàìjíríà. Bí aiye bá wà nínú àyọlò, aiye ni kó wà. Ayé, pẹ̀lú àmì rẹ̀, ló máa wà lókè gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tí à ń túmọ̀. Òǹkàwé á rí méjèèjì, á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ni. Ẹni tó bá fi àmì sórí ọ̀rọ̀ 1858 ń pinnu ohùn fún òkú. Ó lè gbà á, ó sì lè ṣì í, òǹkàwé kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti Bowen àti èyí tó jẹ́ ti aláàánú wa.

"Kò burú láti gé gbólóhùn gígùn kúrú"

Òótọ́. Bí a bá gé nǹkan kúrò láàárín, àmì […] ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé. Inú àkámọ́ onígun ni kí ẹyọ mẹ́ta náà wà, torí àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ fúnra wọn máa ń lo ẹyọ mẹ́ta lásán.

Ìkìlọ̀ tó tẹ̀ lé e kì í ṣe kékeré. Samuel Johnson, tí atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní 1755, kó ọ̀pọ̀ àyọlò láti inú ìwé sáyẹ́ǹsì, ti Newton àti ti Boyle wà lára wọn. Ó gé wọn tó bẹ́ẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ fi jẹ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú pé kí òǹkàwé má ṣe fi ọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí òǹkọ̀wé gbà gbọ́ nìyẹn. Jámánì tún léwu ju Gẹ̀ẹ́sì lọ nídìí èyí. Nicht, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan kò rí bẹ́ẹ̀, sábà máa ń jókòó sí ìkángun gbólóhùn, lẹ́yìn ìlà mẹ́ta mẹ́rin. Ẹni tó bá gbé ọ̀bẹ lé gbólóhùn náà kí ó tó débẹ̀ ti sọ "ewéko yìí kì í hù níbí" di "ewéko yìí ń hù níbí".

"Ọdún tó wà níwájú ìwé ni ọdún àyọlò"

Ó kù díẹ̀ káàtó. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé sáyẹ́ǹsì ńlá máa ń jáde ní ìpín-ìpín, àwọn olówó á sì máa san díẹ̀díẹ̀. Palisot de Beauvois, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kó ewéko ní Warri àti Bìní, pe ìwé rẹ̀ ní Flore d'Oware et de Benin. Iwájú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ sọ pé 1804, iwájú èkejì sọ pé 1807, àmọ́ títí di nǹkan bí 1820 ni ìpín rẹ̀ ṣì ń jáde. Inú ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ni ó ti sọ igi òrúrù lórúkọ, Spathodea campanulata, 1805 sì ni àwọn onímọ̀ ewéko ń kọ sí i, kì í ṣe 1804. Atúmọ̀-èdè tó fẹ́ sọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kan kọ́kọ́ jáde gbọ́dọ̀ kọ 1805 níwájú, kí 1804 ojú ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé ráńpẹ́. Ọdún tí Google ya àwòrán ìwé náà kò kan ẹnikẹ́ni.

"Ọ̀rọ̀ àbùkù tí amúnisìn kọ, ká fi ìràwọ̀ bò ó"

Irọ́. Wá gbólóhùn mìíràn. Ìwé náà ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ àbùkù yẹn gan-an là ń túmọ̀, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ibi ìtumọ̀ sọ pé èébú ni.

"Tí a bá ti túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, Jámánì lè lọ"

Irọ́. Ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé lókè, ìtumọ̀ nísàlẹ̀ lórí ìlà tirẹ̀. Ìtumọ̀ lásán kò jẹ́rìí ohunkóhun nípa ọ̀rọ̀ Jámánì.

"Ọ̀rọ̀ kan gbọ́dọ̀ ní àyọlò mẹ́ta kó tó wọlé"

Fún Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, òótọ́. Òfin Wiktionary Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí àpẹẹrẹ mẹ́ta tó dá dúró wà, kí wọ́n tàn ká ọdún kan, ó kéré tán. Fún èdè tí ìwé rẹ̀ kò tíì pọ̀, irọ́ ni. Ẹyọ kan tó, kò sì pọn dandan kó jẹ́ gbólóhùn tó lo ọ̀rọ̀ náà. Kí ìwé kan dárúkọ rẹ̀ kó sì sọ ohun tó jẹ́ ti tó. Ifè wà lábẹ́ òfin yìí. Petit dictionnaire bilingue ifè-français tí SIL Togo gbé jáde ní Lomé ní 2011 lè dá gbé ọ̀rọ̀ Ifè kan wọlé.

Àyè yìí náà ni àwọn ìwé ewéko àtijọ́ ti wúlò jù fún wa. Harms kò lè jẹ́rìí fún ọ̀rọ̀ Ifè tí kò kọ sílẹ̀; Kerstingiella ló lè jẹ́rìí fún. Ṣùgbọ́n J. M. Dalziel, dókítà tó di onímọ̀ ewéko, kó orúkọ ewéko ní Yorùbá, Haúsá, Ewé àti àwọn èdè mìíràn jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sáyẹ́ǹsì wọn nínú The Useful Plants of West Tropical Africa ní 1937. Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé náà, síbẹ̀ orúkọ Yorùbá kọ̀ọ̀kan tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí tí Wiktionary gbà. Kí a kọ ọ́ ní sípẹ́lì Dalziel nínú àyọlò, kí a sì rí i dájú pé ìkékúrú tó fi sọ èdè tó ni orúkọ náà wà nínú ohun tí a yọ, torí nínú ìlà kan ṣoṣo, orúkọ èdè mẹ́rin márùn-ún lè tò tẹ̀ lé ara wọn. Kí nọ́ńbà ojú ìwé sì wà níbẹ̀. "Dalziel, 1937" lásán kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ìwé náà ju 600 ojú ìwé lọ.